Ta Ni Yóò Gba Ẹni Tó Ti Ṣẹ̀wọ̀n Rí Sílé?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ní kíláàsì òwe, ohun tí wọ́n máa ń ní ká kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló pa á, ta ló pa á fún, kí ló fà á. Lónìí, ìbéèrè mìíràn la fẹ́ bi òwe yìí: kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìjọba bá sọ ọ́ di òfin? A kò ní láti máa finú rò ó lásán. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ṣe é, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kàwé jáde, tẹ́ ẹ wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, ẹ mọ fọ́ọ̀mù tí à ń wí. Bí èèyàn bá fẹ́ gba ilé lọ́hùn-ún, wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, iye tó ń gbà lóṣù, ibi tó gbé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi í bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín kọ “rárá” síbẹ̀, ẹ sì tẹ̀ síwájú, ẹ ò tilẹ̀ rántí ìbéèrè náà mọ́. Àwọn tí kò lè kọ “rárá” ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Kí á má rò pé ìbéèrè yẹn ti wà láti ìwáṣẹ̀. Ní 1937 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé òfin ilé kalẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ran àwọn ìlú lọ́wọ́ láti kọ́ ilé fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Ohun tó jẹ wọ́n lógún nígbà náà ni bí wọ́n ṣe máa wó àwọn ilé jákujàku, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ilé kò kárí, àwọn tó ń wá a sì pọ̀, ni àwọn aláṣẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèyàn. Ní New York, àjọ tó ń mójú tó ilé ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní NYCHA, ní ìlànà kan ní àwọn ọdún 1950 tó to àwọn ohun tó lè mú kí wọ́n ka ìdílé kan sí aláìyẹ. Ọ̀ràn dídá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ tò ó pọ̀: ọtí àmujù, bíbímọ láìlọ́kọ, ìdọ̀tí inú ilé, àti kí èèyàn má ní àga àti ibùsùn tó pọ̀ tó. Ọmọlúàbí ni wọ́n ń wá, bí a bá lè yá wọn ní ọ̀rọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí tiwọn gbọ́dọ̀ ti ra àga ìjókòó kó tó dé.

Ọdún 1968 ni nǹkan yí padà. Ọjọ́ kẹrin oṣù Igbe, ìyẹn oṣù kẹrin, ni wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kan náà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀yà, àwọ̀ ara, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá kọ̀ láti gbà á sílé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo kún un ní 1974, wọ́n sì fi àwọn abirùn àti àwọn ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké kún un ní 1988. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí kò sí nínú orúkọ wọ̀nyí. Kò sí níbẹ̀ títí di bí a ṣe ń kọ èyí. Nítorí náà, onílé tí òfin ti dí lẹ́nu kó má lè sọ mọ́ pé “èmi kì í gba aláwọ̀ dúdú” ṣì lè la ohùn sọ ọ́ pé “èmi kì í gba ọ̀daràn”. A kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá sọ èkejì, èkíní ló ní lọ́kàn. Ohun tí à ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan ni òfin tì, èkejì sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìdájọ́ kan tún wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn títí a ó fi padà sí i. Ní 1974, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York sọ fún NYCHA pé wọn kò lè lé òbí jáde nítorí ohun tí ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, tí kò sì bá a gbé mọ́, lọ ṣe níta. Orúkọ ẹjọ́ náà ni Tyson. Ní ọdún yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Láàárín àwọn ọdún 1980, kokéènì tí wọ́n ń fà bí èéfín, èyí tí wọ́n ń pè ní crack, ya wọ àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Kò yẹ ká sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìjọba kàn jí lọ́jọ́ kan tó sì pinnu láti fìyà jẹ tálákà. Àwọn ìyá tó ń gbé ilé ìjọba ń gbọ́ ìró ìbọn lóru. Àwọn ọmọdékùnrin ń ta oògùn olóró lórí àtẹ̀gùn tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayálégbé fúnra wọn ló ń bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ibi kúrò láàárín àwọn. Ohun tí ìjọba wá fi dáhùn la ní ọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọdún 1988 gan-an jẹ́ ọdún tó ṣe pàtàkì, nítorí òfin méjì ló jáde nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin 1968. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀nà ààbò fún abirùn àti ìdílé ọlọ́mọ, wọ́n fi gbólóhùn kan há a pé òfin náà kò ní gba ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi pé ó ṣe oògùn olóró tàbí pé ó pín in kiri. Èkejì ni òfin tó gbógun ti oògùn olóró, èyí tí Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì gbogbo ilé ìjọba pé bí ayálégbé, ará ilé rẹ̀, tàbí àlejò rẹ̀ bá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn oògùn olóró, ó tó láti lé e jáde.

Àwa tí à ń kọ́ èdè ní láti dúró díẹ̀ níbí. Nínú ọ̀rọ̀ òfin 1988, ọ̀ràn tí wọ́n dá nínú ọgbà ilé ìjọba “tàbí nítòsí rẹ̀” ni. Nígbà tó di 1996, wọ́n yọ “nítòsí rẹ̀” kúrò, wọ́n sì fi “tàbí ní ìta rẹ̀” dípò. Àtúnṣe náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ṣe fẹ̀ tó. “Nítòsí” ní ààlà. “Ìta” kò ní.

Ọdún 1996 yìí kan náà ni Ààrẹ Bill Clinton dúró níwájú Ilé Aṣòfin, ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní, tó sì kéde ìlànà tó wá gbajúmọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú eré bésíbọ́ọ̀lù ló ti yọ orúkọ rẹ̀. Nínú eré náà, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù láǹfààní láti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ní kó jáde. California àti ìjọba àpapọ̀ ti yá àfiwé yìí lò ní 1994 fún àwọn tó bá dá ọ̀ràn ńlá nígbà mẹ́ta, pé ẹ̀wọ̀n gbére ló kàn. Ní ti ilé ìjọba, Clinton ní ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó. Bí o bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, o jáde nìyẹn. Àwọn tí wọ́n mọ òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ó ti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé.

Wọn kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú máàkì tí ìjọba àpapọ̀ fi ń díwọ̀n àwọn àjọ tó ń bójú tó ilé, wọ́n fi bí àjọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yẹ àwọn tó ń wá ilé wò àti bó ṣe ń lé èèyàn jáde kún un. Àjọ tó bá le, máàkì rẹ̀ á pọ̀. Wọ́n sì jẹ́ kó yé àwọn àjọ náà pé kò dìgbà tí ilé ẹjọ́ bá dá èèyàn lẹ́bi, àní kò dìgbà tí ọlọ́pàá bá mú un, kí wọ́n tó lé e. Ẹjọ́ ilé kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀rí díẹ̀ ti tó fún un. Òfin méjì péré ló wá dè wọ́n mọ́lẹ̀ títí láé: wọn kò gbọ́dọ̀ gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn oníwà ìbàjẹ́ ìbálòpọ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gba ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó po oògùn methamphetamine nínú ilé tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́. Gbogbo ìyókù wà lọ́wọ́ àjọ kọ̀ọ̀kan. A tún èyí sọ nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé òfin ìjọba àpapọ̀ ló ní kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni tó ti ṣẹ̀wọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àjọ ìlú ló ki ẹsẹ̀ ju ibi tí òfin sọ lọ.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wá dójú ẹ̀ ni Oakland, ní California. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Pearlie Rucker, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó ti ń gbé ilé ìjọba láti 1985, òun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, àwọn ọmọ-ọmọ méjì àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan. Wọ́n ká kokéènì mọ́ ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ ní òpópónà kẹta sí ilé wọn, kì í ṣe nínú ilé rárá. Ìyá náà sọ pé òun a máa tú yàrá ọmọ òun wò déédéé bóyá òun á rí oògùn olóró, òun kò rí i rí, òun sì ti kìlọ̀ fún un pé wọ́n lè torí ẹ̀ lé àwọn jáde. Àjọ ilé Oakland fún un ní kúìtì. Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta mìíràn wà nínú ẹjọ́ náà. Méjì nínú wọn, ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n bá níbi tí wọ́n ti ń fa igbó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀kẹta jẹ́ bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin tí ara rẹ̀ kò dá, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ń gbé kokéènì wọlé.

Yorùbá ní ojú kì í ti olè, ará ilé rẹ̀ ni ojú ń tì. Òwe yẹn ń ṣàpèjúwe ìtìjú ni, kò sọ pé kí wọ́n ju ẹrù ará ilé olè síta. Ní 2001, ọ̀pọ̀ adájọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ronú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu pé kí Ilé Aṣòfin ní in lọ́kàn láti lé ẹni tí kò mọ ohunkóhun. Ìjọba pe ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2002, adájọ́ mẹ́jọ fẹnu kò pé ìjọba ló jàre. Adájọ́ kẹsàn-án, Stephen Breyer, kò bá wọn jókòó, nítorí àbúrò rẹ̀, Charles Breyer, ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀, tó sì gbè sẹ́yìn àwọn ayálégbé.

Adájọ́ àgbà William Rehnquist ló kọ ìdájọ́ náà, orí ọ̀rọ̀ kan ló sì gbé e kà. Òfin ní ọ̀ràn oògùn olóró “èyíkéyìí”. Rehnquist ní èyíkéyìí túmọ̀ sí èyíkéyìí: èyí tí ayálégbé mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Bí Ilé Aṣòfin bá fẹ́ yọ ẹni tí kò mọ̀ sílẹ̀, wọn ì bá ti sọ ọ́. Nínú kíláàsì gírámà wa, a máa ń ṣàlàyé bí àpètúnpè ṣe máa ń mú kí ọ̀rọ̀ fẹ̀, bí “èyí” ṣe ń di “èyíkéyìí”, “ẹni” di “ẹnikẹ́ni”, tí kò sì sẹ́ni tí ó yọ sílẹ̀ mọ́. A kò tíì rí ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wúwo tó báyìí lórí ọrùn ìyá àgbà. Tyson ti 1974, tó ní ọmọ ò lè ti ìta sọ ìyá di ẹlẹ́ṣẹ̀, ni a fi sílẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn.

Ní ti Rucker fúnra rẹ̀, àjọ Oakland ti fa ẹjọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn láti oṣù kejì 1998, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹ kà á dáadáa: ohun tó gba ìyá là ni pé wọ́n ti ọmọ mọ́lé.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Ilé ìjọba kéré sí iye ilé tó wà lọ́wọ́ àwọn onílé aládàáni. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀ jù. Ní 1992, ẹ̀ka ọlọ́pàá ìlú Mesa, ní Arizona, dá ètò kan sílẹ̀ níbi tí àwọn onílé ti ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lórí bí wọ́n ṣe lè yẹ ayálégbé wò, tí wọ́n sì ń fi ìwé kan kún àgírímẹ́ǹtì pé ẹ̀sùn ọ̀ràn kan ṣoṣo ti tó láti lé èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn wò wọ́n ṣe. Níbì kan, ó jẹ́ ìfẹ́-inú onílé, níbòmíràn ó di dandan. Ìlú Hesperia ní California sọ ọ́ di òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ 2016 pé gbogbo onílé gbọ́dọ̀ fi orúkọ ayálégbé ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, kí wọ́n sì lé ẹni tí ọlọ́pàá bá ní ó ti rú òfin. Ìjọba àpapọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2019 pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ni wọ́n torí wọn ṣe é. Ní 2022 wọ́n yanjú rẹ̀ pẹ̀lú owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọdún tó tẹ̀ lé e, California fòfin de irú nǹkan bẹ́ẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ṣe ju ọlọ́pàá lọ. Kó tó di pé ìwé ilé ẹjọ́ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, onílé tó bá fẹ́ mọ ìtàn èèyàn ní láti rìn dé kóòtù lọ tú fáìlì. Ta ló ráyè ìyẹn? Nígbà tí ìwé náà ti di ohun tí a lè rà, àwọn iléeṣẹ́ dìde tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba orúkọ, kí wọ́n sì dá èsì padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń wá ilé ló sì sábà máa ń san owó àyẹ̀wò náà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ níbi márùn-ún, ó ti sanwó lẹ́ẹ̀márùn-ún nìyẹn kó tó rí ibi tí yóò forí lé. Òfin tó ń darí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, láti 1970, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan mímú tí ọlọ́pàá mú èèyàn bó bá ti ju ọdún méje lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìdálẹ́bi, kò sí iye ọdún. Ọ̀ràn tí èèyàn dá lọ́mọ ọdún méjìdínlógún lè máa tẹ̀ lé e kiri lẹ́ni àádọ́ta ọdún.

Ẹjọ́ kan láti Connecticut fi hàn bí ẹ̀ṣọ́ tuntun yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá kan ń gbé ní ilé alájàpọ̀ kan. Ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìjàm̀bá ní 2015 tó gba ìrìn àti ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà fẹ́ mú un kúrò ní ilé ìtọ́jú kí ó wá máa bá òun gbé. Àwọn tó ń bójú tó ilé fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí ètò kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ CoreLogic, èsì sì wá pé àkọsílẹ̀ ọ̀ràn wà. Ó parí síbẹ̀. Alábòójútó ilé kò mọ irú ọ̀ràn wo ni, èsì náà kò sọ fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀sùn olè kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù, láti 2014, tí kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi rẹ̀. Ọmọ náà tí kò lè dìde nílẹ̀ fúnra rẹ̀ lo ohun tó ju ọdún kan lọ sí i ní ilé ìtọ́jú. Ní 2019, adájọ́ kan sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí: iléeṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò lè jíhìn lábẹ́ òfin ilé ti 1968. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ náà tán ní 2023, iléeṣẹ́ náà jàre lórí ọ̀rọ̀ ìdẹ́yẹsí, ó sì jẹ̀bi pé kò jẹ́ kí ìyá rí ohun tó wà nínú fáìlì ọmọ rẹ̀.

Kí ló kan àwọ̀ ara nínú gbogbo èyí? Ó kàn án púpọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ẹ̀ka ilé ti ìjọba àpapọ̀, HUD, gbé jáde, ní 2014 àwọn aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, bẹ́ẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá 12 lọ nínú gbogbo ará ìlú. Ìwé kan náà sọ pé àwọn àgbàlagbà tó ní irú àkọsílẹ̀ kan tàbí òmíràn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí kóòtù lè tó mílíọ̀nù 100. Nígbà tí iye náà bá ti tó bẹ́ẹ̀, “ọ̀daràn” kì í ṣe orúkọ àwọn èèyàn díẹ̀ kan tí a lè nawọ́ sí mọ́.

Ní ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìwádìí Prison Policy Initiative ní 2018 fi hàn pé nínú 10,000 èèyàn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, 203 ni kò rílé gbé. Nínú 10,000 gbogbo ará ìlú, 21 ni. Ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bí nọ́ńbà ṣe wí lọ, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ṣáájú àkókò gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ìyá rẹ̀ bá ń gbé ilé ìjọba, kò lè lọ bá ìyá rẹ̀. Bí ó bá sì yọ́ lọ bá a, ilé ìyá wà nínú ewu. Ní New York, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìdílé fi ń fi ọmọ pamọ́ sínú yàrá bí ẹni fi ẹrù òfin pamọ́. Ní 2013, NYCHA ṣí ètò kékeré kan tó jẹ́ kí àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn láìsí pé wọ́n ń yọ́ rìn.

Bí onílé ṣe jẹ́ kí á gbọ́

Òfin 1968 tó gbàgbé ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn lọ́yà padà wá tún lò fún un. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pẹ̀lú ìbò márùn-ún sí mẹ́rin pé ìlànà tí kò dárúkọ ẹ̀yà kankan lè lòdì sí òfin náà bó bá jẹ́ pé ẹ̀yà kan ló ń pa lára jù láìnídìí tó yè kooro. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 2016, ọjọ́ ìrántí ikú King, ni HUD gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde: mímú tí ọlọ́pàá mú èèyàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi, onílé tó bá sì ń lé gbogbo ẹni tó ti jẹ̀bi rí padà láìwo irú ọ̀ràn àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ń wá ẹjọ́. Ìwé náà kò mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú gbólóhùn tí wọ́n fi há òfin náà ní 1988 nípa ẹni tó pín oògùn olóró.

Àwọn tó fi ọ̀nà yìí jà jù ni Fortune Society, ẹgbẹ́ kan ní New York tó ti ń ran àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé lọ́wọ́ láti 1967. Wọ́n fẹ́ gba yàrá fún àwọn èèyàn wọn nínú ilé ńlá kan ní Far Rockaway tó ní ilé 917 nínú. Wọ́n sọ fún wọn pé ibẹ̀ kì í gba ẹni tó ti dá ọ̀ràn, ló bá di kóòtù ní 2014. Ọdún márùn-ún ni ẹjọ́ náà gbà. Ní 2019 wọ́n fi owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là yanjú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ lọ́yà onílé bẹ̀rẹ̀ sí í gba oníbàárà wọn nímọ̀ràn láti tún fọ́ọ̀mù wọn kọ. Kì í ṣe àánú ló dé, owó ló sọ̀rọ̀.

A kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo onílé ló jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá. Ní Seattle, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin ní 2017 pé onílé kò gbọ́dọ̀ béèrè àkọsílẹ̀ ọ̀ràn rárá, kò sì gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ lé ẹni kankan padà, àfi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn oníwà ìbàjẹ́ ìbálòpọ̀. Lára àwọn tó pe ìlú lẹ́jọ́ ni tọkọtaya kan tó ní ilé kékeré, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn ń gbé apá kan, tí wọ́n ń fi ìyókù rẹ́ǹtì. Wọ́n ní ọgbà kan náà làwọn àti ayálégbé ń lò, báwo ni ìjọba ṣe máa ní àwọn kò gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó ń bọ̀? Èyí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín àwa tí a jọ kọ àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn kan nínú wa ní bó bá jẹ́ ilé bàbá àwọn ni, àwọn náà á béèrè. Àwọn yòókù ní ìbéèrè kò burú bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ fi ìdáhùn ṣe, àmọ́ ẹni tó ń béèrè ti máa ń dájọ́ kó tó gbọ́ èsì. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìwọ̀ oòrùn pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì ní 2023, ó sì dà bí ìgbà tí àgbà ń parí ìjà nínú agbo ilé: ìlú lè sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ torí àkọsílẹ̀ ọ̀ràn lé èèyàn padà, ṣùgbọ́n ìlú kò lè dí i lẹ́nu kó má béèrè, nítorí ẹ̀tọ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Onílé lè gbọ́, kò kàn gbọ́dọ̀ lo ohun tó gbọ́. Bí èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣe ń ṣe ìyẹn, adájọ́ kò sọ.

Àwọn ibòmíràn gba ọ̀nà mìíràn, èyí tó wu púpọ̀ nínú wa jù. Ní New Jersey, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022 ní kí onílé kọ́kọ́ wo iṣẹ́ àti owó èèyàn, kó sì ṣèlérí ilé fún un, lẹ́yìn náà ló tó lè wo ti ọ̀ràn. Ọ̀ràn tó wúwo jù ní àyẹ̀wò ọdún mẹ́fà, àwọn tó tẹ̀ lé e ní ọdún mẹ́rin, èyí tó kéré ní ọdún kan. Àwọn bíi ìpànìyàn àti ìjínigbé wà níta ìṣirò yìí, kò sígbà tí a kò lè wò wọ́n. New York City ṣe tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025: ọdún márùn-ún fún ọ̀ràn ńlá, ọdún mẹ́ta fún kékeré. Ilé ìdílé kan tàbí méjì tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé kò sí lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ohun tí tọkọtaya Seattle ń sọ. Ìyàtọ̀ tó wà nínú àwọn òfin wọ̀nyí ni pé wọ́n fún ẹ̀ṣẹ̀ ní ọjọ́ orí. Ó ń dàgbà, ó ń gbó, ó sì lè kú.

Oakland náà ti ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, wọ́n fi orúkọ Ronald Dellums tó ti ṣe olórí ìlú náà sọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé aládàáni ní ìlú náà kò gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ilé. Ṣùgbọ́n òfin ìlú kò lè fagi lé òfin ìjọba àpapọ̀. Ìyá àgbà tó bá ń gbé ilé ìjọba ní Oakland lónìí, tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ, “èyíkéyìí” tí Rehnquist kà jáde ní 2002 ṣì wà nínú àgírímẹ́ǹtì tó fọwọ́ sí.